Ojú Olùkọ́, Kámẹ́rà àti Ẹ̀rọ Ọrùn-Ọwọ́: Ìtàn Wíwo Ọ̀nà Ìlúwẹ̀ẹ́

Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin l'Ékòó kì í ṣe Apple Junction àti àwọn títì Festac Town nìkan. Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Ìrẹ́dè tí omi yí ká wà nínú rẹ̀, níbi tí ọmọ ti lè mọ omi í wẹ̀ kó tó mọ̀wé. Irú etí omi bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Jean Barbot, oníṣòwò ará Faransé tó dé etíkun wa ní 1678 àti 1681, kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1732 pé àwọn òmùwẹ̀ Elmina, ní Gánà òde òní, ń ju apá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wa ọkọ̀, nígbà tí àwọn Òyìnbó ń ju méjèèjì pa pọ̀. Ojú lásán ló fi rí i, ó sì rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú kò lè sọ bóyá apá ọ̀tún yá ju ti òsì lọ, tàbí ibi tí ara ti ń dẹwọ́ láàárín ìjupá méjì.

Kámẹ́rà ló kọ́kọ́ gbìyànjú ìdáhùn. James Counsilman ti Yunifásítì Indiana, tó kọ The Science of Swimming ní 1968, fi fíìmù abẹ́ omi hàn pé ọwọ́ òmùwẹ̀ kì í fa omi sẹ́yìn tààrà. Ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Àmọ́ omi tó mọ́ gaara ni kámẹ́rà fẹ́. Nígbà tí accelerometer, ẹ̀rọ tó ń mọ ìyípadà ìyára, kéré tó láti wọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tó ń tú àpò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà mìíràn ṣí. Yuji Ohgi ní Japan so ó mọ́ ọrùn-ọwọ́ òmùwẹ̀. Daniel James àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Griffith, ní Ọsirélíà, so tiwọn mọ́ ẹ̀yìn ìbàdí. Ẹ̀rọ náà ń ka bí ìyára ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín kù, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gyroscope tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì ń sọ bí ara ṣe ń yí. Nítorí pé omi máa ń dí rédíò lọ́nà, inú ẹ̀rọ ni àkọsílẹ̀ ń wà títí òmùwẹ̀ yóò fi jáde. Ní 2016, Apple Watch Series 2 gbé irú rẹ̀ dé ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá lówó rẹ̀.

Èrò mi ni pé ibi tí omi ti dúdú ni ẹ̀rọ yìí wúlò jù, kì í ṣe ibi tí ògiri adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti jẹ́ gíláàsì. Àwọn kan yóò ní kò lè rọ́pò olùkọ́. Òótọ́ ni: kò mọ agbára tí àtẹ́lẹwọ́ fi ti omi, ìyípadà ìyára àti bí ara ṣe ń yí nìkan ló mọ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ wo ló rí abẹ́ omi ọ̀sà? Wọ́n á tún ní owó kò sí. Bẹ́ẹ̀ irú accelerometer yìí ti wà nínú fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Kí àwọn tó ń ṣètò eré ìdárayá l'Ékòó so ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Ìrẹ́dè, kí wọ́n ka ohun tó bá kọ sílẹ̀, kí wọ́n tó pinnu pé ọ̀nà ẹlòmíràn ni kí àwọn ọmọ náà kọ́.