Èjìrẹ́ Tó Fi Ohùn Kan Ṣoṣo La Ayé Já

Ẹ gun òkè Mápó wá, ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn! Ará Ọjà'ba, ará Bẹẹrẹ, ará Bẹyẹrúnká, ẹ jókòó síwájú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ẹ wá gbọ́ ìyanu. Mápó Arógun la mọ ibí yìí sí. Ìtàn ogun ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí etí òkè yìí ti gbọ́. Ìtàn tèmi kò ní idà, kò ní ìbọn. Obìnrin méjì ló ni ín, òótọ́ pọ́nńbélé sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948, ní ìlú Jọ́ọ̀sì lókè Ọya, ìbejì gúnlẹ̀ sílé Lijadu. Táyéwò kọ́kọ́ yọjú láti tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa: ẹni tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán èkejì níṣẹ́. Ìbàdàn wa níhìn-ín ni àwọn ẹdúnjọbí náà ti dàgbà. Àwo orin ìyá wọn ni wọ́n fi ṣe olùkọ́, tí Aretha Franklin àti Miriam Makeba ń kọ, tí àwọn náà ń gbè é, títí ohùn méjèèjì fi wọ ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbe orin fún àwọn olórin mìíràn ná, kí àwọn náà tó ṣe àwo tiwọn. Nígbà tó yá, òyìnbó onílù kan tó ń jẹ́ Ginger Baker, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Cream, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà. Ó gbọ́ èjìrẹ́, ẹnu yà á, ó sì mú wọn wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt. Ní 1972, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní Munich, ohùn àwọn ọmọ tí Ìbàdàn tọ́ ti dún ní ilẹ̀ Jámánì!

Ní 1974, wọ́n gbé àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ jáde, Urede. Ó wọ ayé, ó yẹ ọ̀nà wò. Lẹ́yìn ọdún méjì ni èkejì dé: Danger, tí ilé-iṣẹ́ Decca fi orúkọ Afrodisia tẹ̀ jáde ní 1976. Háà! Ẹni tó kẹ́yìn dé, ẹ̀gbọ́n ni lóòótọ́!

Orin mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀. Àkàndá olórin kan, Biddy Wright, ló di iṣẹ́ ohun èlò orin rẹ̀ mú: ó ta jìtá, ó tẹ dùùrù, ó pa rọ́ọ̀kì pọ̀ mọ́ ìlù ilẹ̀ wa. Lórí gbogbo rẹ̀ ni èjìrẹ́ dúró sí. Lákòókò yẹn, ọkùnrin ló ni ìtàgé. Fela, tó jẹ́ ìbátan wọn, Ebenezer Obey, Sunny Adé. Obìnrin a máa jó, a sì máa gbè. Àwọn méjì yìí kọ̀! Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orin, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn kọ ọ́. Wọ́n kìlọ̀ fún ọkàn tó kó sínú ewu ìfẹ́. Nínú Amebo, wọ́n dojú kọ olófòófó. Nínú Cashing In, wọ́n kọjú sí àwọn tó ń kó ọrọ̀ jọ nígbà tí ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ ìjọba ológun ló wà lórí oyè, owó epo rọ̀bì sì ń ṣàn bí odò.

Mother Africa tẹ̀ lé e ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, èjìrẹ́ ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Àjálù dé: Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fi ẹ̀yìn pa, ìtàgé sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n àwo kì í rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀! Ní 2006, Nas, ọ̀gá nínú àwọn olórin ráàpù, gbé Life's Gone Down Low láti inú Danger, ó sì kọ tirẹ̀ lé e lórí. Àwọn tí a kò tíì bí ní 1976 bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo náà kiri, a sì tún un tẹ̀. Ní 2014, èjìrẹ́ tún gun ìtàgé ní Brooklyn, níbi tí wọ́n ti ń kọ orin William Onyeabor, olórin ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé, ẹni tó rán Táyéwò wá sáyé, tẹrí gbaṣọ.

Ohùn wọn kò tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí, ẹ wá Cashing In gbọ́ kí ẹ tó wọ ọjà lọ ná ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ẹ óò rí i pé ọdún 1976 kò tíì parí.