Igbá Ní Í Fọ́, Ìgbì Kì í Fọ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní fọ́tò yíyà létí òkun nígbà ìjì yóò rí i pé ìdajì iṣẹ́ náà ti lórúkọ nílẹ̀ láti ayébáyé, ìdajì kejì kò sì ní. Ọ̀rọ̀ omi àti ojú ọjọ́ kò wọ́n wa. Ti kámẹ́rà ló ṣòro. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. Kò ya ọ̀dọ̀ ayafọ́tò rárá. Olúkúlùkù wá ń dá tirẹ̀ hun, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì ń hun jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi pe ara wọn létí omi tó ń hó. Ní tèmi, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìgbì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ á ní ìgbì ń “fọ́” létí òkun. Igbá ní í fọ́. Bí ìgbì bá ń ti ojú agbami bọ̀, tó wá dé ibi tí omi kò ti jìn mọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀, á sì falẹ̀. Òkè rẹ̀ ṣì ń sáré ní tirẹ̀. Orí á ya ẹsẹ̀ sílẹ̀, ìgbì á sì dojúbolẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì wúlò fún ayafọ́tò, nítorí ohun tó dúró dè kò ju àkókò díẹ̀ tí ìgbì ti nàró, tó ti tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n tí kò tíì dojúbolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di kó hó, kó yọ ìfòòfó, kó sì fà padà. A ò nílò àtọwọ́dá kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù fún ìjì sì máa ń di ẹ̀fúùfù, òjò, àrá àti ìgbì pọ̀ sójú kan. Yorùbá yà wọ́n sọ́tọ̀, létí òkun Èkó pàápàá, ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló tọ̀nà. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, òkun lè máa ru gùdù lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò ju èyí tó ń mi imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Ìjì tó bí ìgbì wọ̀nyẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Gúúsù Àtìláńtíìkì níbi tó jìnnà réré ló ti jà, ìgbì ló rin ìrìn ọjọ́ mélòó kan wá. Òkun ru, ìjì kò jà. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ẹ̀wẹ̀, ìjì lè jà kí òkun má fi bẹ́ẹ̀ ru. Ìlà-oòrùn ni ojú ọ̀run ti sábà máa ń ṣú bọ̀. Ẹni tó bá kọjú sí òkun l'Ékòó á rí i lọ́wọ́ òsì, ẹ̀fúùfù á ṣáájú, òjò á tẹ̀ lé e. Ayafọ́tò tó bá kàn ní “ìjì ni mo lọ yà” kò tíì sọ èyí tó lọ yà.

Òkun tún máa ń ya. Òkun tó ru ṣì wà ní àyè rẹ̀. Òkun tó ya ti jáde kúrò níbẹ̀. Ó ya ní Kúramọ̀, l'Ékòó, ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ó sì gbé àwọn tó ń gbé inú ahéré etí òkun lọ. Ìgbì kan tún wà tí í dédé ga ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tí í sì gbá ẹni tó kẹ̀yìn sí omi. Mo rò ó wò láti pè é ní ìgbì ayọ́kẹ́lẹ́, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ máa wá mọ́tò. Ìgbì òjijì tó. Àwọn àgbà tó ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru kò mọ kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn kan ẹni tó gbé e dání.

Ó wá ku kámẹ́rà. Kámẹ́rà, fọ́tò, lẹ́ǹsì, fíìmù: ẹ jẹ́ wọn ó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé ni wọ́n. Àwọn ayafọ́tò wa ìgbà fíìmù sì fi ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀. Wọ́n máa ń “fọ” fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá já wọ fíìmù, ó ti “jóná”. A ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọnù nítorí pé káàdì ti gba ipò fíìmù. Ojú òkun tó kún fún ìfòòfó funfun ṣì lè jóná nínú fọ́tò òde òní, débi tí a ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ju funfun báláú lọ.

Fún ìyókù, ojú ni kí a lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣí tó sì ń pa dé nínú kámẹ́rà, ìpéǹpéjú ni. Tó bá ṣí fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà ṣẹ́jú pẹ́. Ìṣẹ́jú ti di ti aago, òótọ́ ni, ìdí rèé tí mo fi ní kí a má sọ ọ́ di orúkọ. “Ṣẹ́jú pẹ́” kò lè rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣíṣẹ́jú pẹ́ báyìí ni ayafọ́tò Rachael Talibart fi ya ìgbì ní Newhaven, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà ìjì Imogen ní oṣù kejì ọdún 2016: omi dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀dá tó lórí tó lápá, Talibart sì fi orúkọ àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ìwáṣẹ̀ pe àwọn fọ́tò náà. Bí kámẹ́rà bá la ojú sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó ranjú nìyẹn, ìgbì tó ń pariwo á sì di kùrukùru. Lọ́sàn-án, kò lè ranjú láìwọ jígí dúdú síwájú lẹ́ǹsì. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ọmọlójú. Òun náà ń fẹ̀, ó ń súnkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò le tó, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tó le. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kò nílò kí a fún un ní orúkọ kan. Ní 1857, nígbà tí ayafọ́tò Gustave Le Gray ya ìgbì ńlá ní Sète, ilẹ̀ Faransé, ohun èlò ìgbà náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run jù kó tó gba ti omi tó. Ó ya ojú ọ̀run lọ́tọ̀, ó ya òkun lọ́tọ̀, ó wá so nẹ́gátíìfù méjèèjì pọ̀. Ẹ wò ó: gbà jù, gbà tó, kò gbà tó. Gbólóhùn mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Bí ìfòòfó bá bo ojú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú un ṣókùnkùn. Kí ayafọ́tò jẹ́ kó gbà sí i.

Omi iyọ̀ tó ń ta sí lẹ́ǹsì, “ta sí” náà ni. Kí a kọ́kọ́ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kí a tó nù ún, torí iyọ̀ gbígbẹ máa ń ha á. Ní ti ISO, ìyẹn ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni, àwọn ará Jámánì àti Japan pàápàá kò túmọ̀ rẹ̀.