Kọ́ńgò Tí Kì í Kéré: Owó Séfà àti Àwọn Ará Boribana

Ìtumọ̀ Boribana ní èdè Jùlá ni pé eré sísá ti dópin. Àdúgbò tí àwọn mẹ̀kúnnù tẹ̀ dó sí lẹ́bàá ọ̀sà ní Abidjan ni, kò sì jìnnà sí Plateau tí àwọn ilé gíga báǹkì wà.

Fún ọdún 45, a kò yí ìwọ̀n tí a fi so séfà mọ́ owó Faransé padà. Ní ọjọ́ 11 oṣù January ọdún 1994, àwọn olórí péjọ sí Dakar. Séfà 50 tí ó jẹ́ fránkì Faransé kan di 100. Oògùn àti gbogbo ọjà òkèèrè gbówó lórí. Ní Côte d'Ivoire, ọ̀wọ́n ọjà ọdún náà tó nǹkan bí 26 nínú 100, owó iṣẹ́ kò sì lè bá ọjà rìn.

Ṣùgbọ́n Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí ó wà ní Abidjan kan náà, kì í fi séfà ṣe ìṣirò. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Khartoum ní 1963 yan òṣùwọ̀n tirẹ̀, tí ó dọ́gba pẹ̀lú gíráàmù wúrà 0.88867088. Lẹ́yìn náà ni a so ó mọ́ òṣùwọ̀n Àjọ Owó Àgbáyé, tí a ń fi owó àwọn orílẹ̀-èdè ńlá mélòó kan ṣírò. Kò sí ẹni tí ń ná an lọ́jà. Bíi kọ́ńgò ni, ìwọ̀n ni a fi ń ṣe. Bí owó ìlú kan bá wó, kò lè ba ìwé ìṣirò báǹkì náà jẹ́.

Ní oṣù March ọdún 1994 yìí kan náà, orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ṣe tirẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ọ̀wọ́n ọjà ibẹ̀ ti kọjá 2,000 nínú 100 ní 1993. Ìjọba gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, URV, tí wọ́n ń kéde iye rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ọjà ti ń gòkè. Owó oṣù òṣìṣẹ́ pàápàá, URV ni a fi wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù July, ó di owó tuntun, real, ọ̀wọ́n ọjà sì rọlẹ̀.

Òṣùwọ̀n nìkan kò wo àrùn owó sàn. Ìjọba tí ó ń náwó kọjá agbára yóò tún fa ọ̀wọ́n ọjà. Ṣùgbọ́n ó ń dáàbò bo ẹni tí a bá fi ṣírò ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí báǹkì yìí bá wọn lọ́wọ́ sí afárá kẹrin Abidjan, a ṣí ọ̀pọ̀ ará Boribana nípò, séfà ni a sì fi ka owó gbà-má-bínú wọn. Ó tọ́ kí a bi àwọn aláṣẹ léèrè: èéṣe tí kọ́ńgò tí kì í kéré fi jẹ́ ti báǹkì nìkan?