Olódùmarè, Ọ̀ṣun àti Ọ̀rọ̀ Alágbára Gbogbo

Ó pẹ́ tí àwọn amòye ti ń jiyàn pé bí Ọlọ́run bá jẹ́ alágbára gbogbo, kò lè sí òrìṣà mìíràn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Mùsùlùmí a máa là á báyìí: bí alágbára gbogbo bá jẹ́ méjì, tí ọ̀kan fẹ́ kí òjò rọ̀, tí èkejì sì fẹ́ kí ọ̀dá dá, dandan ni kí ìfẹ́ ọ̀kan má ṣẹ, ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ kò bá ṣẹ kì í sì í ṣe alágbára gbogbo. Àlàyé yìí gún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn kò ju pé alágbára gbogbo kò lè jẹ́ méjì lọ. Kò wí pé ẹlòmíràn kò lè ní agbára rárá. Inú àlàfo yìí ni ẹ̀sìn àwọn baba wa dúró sí.

Ní ọdún 1894, A. B. Ellis kọ ọ́ sínú ìwé pé òrìṣà ojú ọ̀run kan lásán ni Ọlọ́run àwọn Yorùbá, tí kò bìkítà fún ayé. Bẹ́ẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ fún alágbára gbogbo, Olódùmarè ni wọ́n mú. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. Bọ́lájí Ìdòwú ni ó fún irú Ellis lésì tí ó lágbára jù, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1962: Olódùmarè nìkan ni ọba, òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni àwọn òrìṣà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àfiwé ọba àti ìjòyè yìí ní ẹ̀gún nínú, pàápàá létí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ní Iléṣà, àwọn Ìwàrẹ̀fà ni wọ́n ń yan Ọwá. Ọba tí ìjòyè fi jẹ, tí kò sì lè dá ìlú ṣe láìsí wọn, kì í ṣe alágbára gbogbo. Ta ni ó yan Olódùmarè? Okot p'Bitek, ará Ùgáńdà, tilẹ̀ fi ẹ̀sùn kan irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ pé aṣọ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ń wọ̀ fún àwọn òrìṣà Áfíríkà. Ẹ̀sùn náà le jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Mo rò pé Òṣogbo ni a ti lè rí àfiwé tí ó sàn jù. Ìtàn ìlú náà wí pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti wá tẹ̀dó sí etí odò. Ọ̀ṣun ni Láróòyè bá dá májẹ̀mú, kì í ṣe Olódùmarè; májẹ̀mú náà ni a ń rántí ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ lè rò pé Ellis ló jàre.

Ṣùgbọ́n odù Ọ̀ṣẹ́túrá ń bẹ. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé. Àwọn mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin. Wọn kò ka Ọ̀ṣun sí, nítorí pé obìnrin ni. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ni ó dàrú. Wọ́n padà lọ sọ fún Olódùmarè. Ó bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún ńkọ́? Ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. (N kò tí ì sọ ìtàn yìí níwájú obìnrin tí kò rẹ́rìn-ín.) Ọ̀ṣun kò tilẹ̀ gbà kíá, ó ní àfi bí oyún inú òun bá jẹ́ ọkùnrin. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá.

Ẹ kíyè sí ohun tí Olódùmarè kò ṣe. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, kò fún àwọn yòókù ní òmíràn, kò sì bá wọn ṣe iṣẹ́ náà. Alátakò lè wí pé kò lè ṣe é ni. Ìtàn náà kò wí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra Rẹ̀ ni ó fún Ọ̀ṣun ní àṣẹ, ó sì dúró ti ohun tí ó fi fúnni. Agbára tí ó lè pín agbára, tí kò sì dín kù, kì í ṣe agbára kékeré. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ lẹ́yìn Ìdòwú má tètè yọ̀: bí olúwa bá wà ní ìkàlẹ̀, ènìyàn a máa fo òjíṣẹ́ dá. Àwọn mẹ́rìndínlógún yìí dúró níwájú Olúwa gan-an, Olúwa náà ni ó sì dá wọn padà sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun.