Gọ́ọ̀fù Inú Aṣálẹ̀: Dubai Ni àbí Abu Dhabi?

Àwa ọ̀rẹ́ tá a jọ gbé North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o ti ń dáwó jọ fún ìrìn àjò gọ́ọ̀fù. Dubai lọ̀pọ̀ ń pariwo. Òótọ́ ni, Majlis ní Emirates Golf Club (1988) ni pápá ìdíje àkọ́kọ́ tó jẹ́ koríko pátá lágbègbè yẹn. Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń gbá a tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi fara mọ́ Abu Dhabi. Yas Links (2010) wà létí òkun, Ferrari World sì wà ní erékùṣù kan náà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ fẹ́ ra góòlù ní Dubai, bíi wákàtí kan ni mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ oṣù keje o. Oòrùn ibẹ̀ ń kọjá 40°C, àwọn àgbà sì wà láàárín wa.