“Come Down” àti Sísọ̀kalẹ̀ Àwa Ará Ìdànrè

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ rántí pé mo máa ń sọ fún yín pé ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé ìtàn, kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Lọ́dún 1961, ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òdòdé Ìdànrè. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà, ìyá bàbá mi. Àbúrò bàbá mi tó ń kàwé nílùú Òyìnbó kọ̀wé pé òun “came down with pneumonia.” Mo mọ “come,” mo mọ “down,” kí ló tún kù? Mo ní òtútù àyà tó ń ṣe bàbá ti wálẹ̀. Ìyá àgbà dúpẹ́, ó ní kí n fèsì pé a bá a yọ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì ni lẹ́tà mìíràn dé: orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ìkíni ayọ̀ wa bá a. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé kí ni òun ṣe fún ará ilé. Ìyá àgbà ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí o. Tí ibà bá “come down,” ara ń yá nìyẹn. Tí èèyàn bá “come down with” ibà, àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dè ni. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀: òjò ń rọ̀, ilé ń wó, ẹyẹ ń bà, owó ọjà ń wálẹ̀. “Come down” ni Òyìnbó lè fi pe gbogbo rẹ̀. Ní Oxford àti Cambridge pàápàá, ẹni tó bá kúrò ní yunifásítì ni wọ́n ń sọ pé ó “came down,” bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè tó gùn.

Àwa ní Ìdànrè, òkè gidi la ti sọ̀. Ìtàn wa sọ pé láti Ifẹ̀ la ti wá, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ìlú náà ní Ùfẹ̀ Òkè. Orí àpáta làwọn baba wa tẹ̀dó sí, torí ọ̀tá kì í rọrùn fún láti gun ibẹ̀. Nígbà tí ogun dẹ̀yìn, tí oko kòkó àti ọ̀nà mọ́tò wà nísàlẹ̀, ìwúlò òkè dín kù. Láàrin àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni ìlú ṣí wá sísàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà lókè. Àtẹ̀gùn la fi ń gùn ún báyìí. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé.

Ìyàwó tuntun ni ìyá àgbà nígbà tí wọ́n sọ̀. Ìwé ń pè é ní ìlọsíwájú. Òyìnbó tún ní “come down in the world,” tiwa ní ẹni náà di ẹdun arinlẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan pé èwo ni tiwọn nínú méjèèjì. Ó ní, “Ọmọ mi, a sọ̀ ni, a ò jábọ́. Ẹrù wa wà lórí wa.”

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí ìtàn ìlú kankan. Ẹni tó kọ ọ́ lè máa yọ̀, kí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò bàbá mi padà délé lọ́dún 1965. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kí wọ́n forí jì mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Dìde, ògbufọ̀. Jẹ́ ká gòkè.”