Tomonoura: Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan sí Èbúté Àtijọ́ ní Jàpáànì

Tomonoura, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Tomo, jẹ́ èbúté kékeré kan ní gúúsù ìlú Fukuyama, ní ìpínlẹ̀ Hiroshima, ní apá ìwọ̀ oòrùn Jàpáànì. Etí òkun Seto ló wà, ìyẹn òkun tí erékùṣù ńlá mẹ́ta, Honshu, Shikoku àti Kyushu, há mọ́ àárín. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Lónìí, àlejò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé, wọ́n sì sábà máa ń dé láàárọ̀ kí wọ́n tó padà nírọ̀lẹ́. Àwọn kan ń bá èrò rẹpẹtẹ wá nínú bọ́ọ̀sì ńlá. Àwọn mìíràn ń háyà amọ̀nà àti mọ́tò tiwọn, tàbí kí wọ́n dá rìn. Ẹni tó bá lè ṣe ọ̀kan nínú méjì tó kẹ́yìn yìí ni yóò gbádùn ìlú náà jù, torí òkun ló ń pín àkókò ní Tomo, ẹni tí aago bọ́ọ̀sì bá sì ń lé kò ní rí ohun tí òkun fẹ́ fi hàn án.

Bí omi Seto ṣe ń rìn ló bí ìlú yìí. Tí òkun bá ń kún, ojú ọ̀nà méjì ni omi ń gbà wọlé: Kii ní ìlà oòrùn àti Bungo ní ìwọ̀ oòrùn. Ìtòsí Tomo ni omi méjèèjì ti ń pàdé. Nígbà tí òkun bá kún tán tó wá ń fà, agbègbè yẹn kan náà ni omi ti ń pínyà, èyí á gba ìlà oòrùn lọ, èyí á gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Atukọ̀ tó bá ti Osaka gbéra, tó ń lọ sí Kyushu, á jẹ́ kí omi tó ń wọlé gbé òun dé Tomo. Á so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, á dúró fún wákàtí bíi mẹ́fà. Bí omi bá ti yíjú padà, á bá èyí tó ń jáde lọ síwájú. Ní ayé ọkọ̀ ìgbòkun àti ọkọ̀ àjẹ̀, ẹni tó bá ta ko omi yẹn kàn ń dá ara rẹ̀ lágara ni. Ìdúró yìí ló sọ Tomo di ìlú. Ẹni tó ń dúró de omi á jẹun, á mu ọtí, á ra ìdákọ̀ró tuntun lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ tí ibẹ̀ fi lókìkí, á sì wá ibi tó ti máa gbàdúrà kí òkun má ṣe é léṣe. Ìdí nìyẹn tí tẹ́ńpìlì fi pọ̀ láàárín ìlú tí ẹsẹ̀ lè rìn já láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Orúkọ Tomo wà nínú Man'yoshu, àkójọ ewì ní èdè Jàpáànì tó pẹ́ jù lọ lára èyí tó ṣẹ́ kù. Ní ọdún 730, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Otomo no Tabito ń ti Dazaifu ní Kyushu bọ̀ wá sí olú-ìlú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú sí Kyushu. Nígbà tí ọkọ̀ dé Tomo, ó rí igi kan tí òun pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ jọ rí nígbà tí wọ́n ń lọ, ó sì fi ewì dárò rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ológun náà gba Tomo kọjá. Ìdílé Ashikaga fi ohun tó lé ní igba ọdún jẹ́ shogun, ìyẹn balógun àgbà tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà lórúkọ ọba. Tomo ni Ashikaga Takauji wà ní 1336 nígbà tí ìwé àṣẹ Kogon, ọba tó ti kúrò lórí ìtẹ́, tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tí ogun rẹ̀ fi di ogun tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tomo náà ni Ashikaga Yoshiaki, ẹni ìkẹyìn nínú ìran wọn tó jẹ oyè yẹn, forí pamọ́ sí ní 1576, lẹ́yìn tí balógun Oda Nobunaga ti lé e kúrò ní Kyoto.

Àwọn ohun tí wọ́n kọ́ nígbà Edo, ìyẹn láti 1603 títí di 1868, ni èbúté náà ṣì fi ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Nǹkan márùn-ún ni èbúté ìgbà yẹn máa ń ní, Tomo nìkan ni gbogbo wọn sì ti ṣẹ́ kù pọ̀ lójú kan ní gbogbo Jàpáànì: àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, òpó àtùpà, ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró, ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń wo ọkọ̀ tó ń wọlé, àti ibi tí wọ́n ti ń tún ìdí ọkọ̀ ṣe. Òpó àtùpà ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Ọdún 1859 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ga tó mítà 5 àtààbọ̀ láti orí ilẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ láti ìgbà Edo tó tóbi tó o nínú àwọn tó wà lẹ́bàá èbúté.

Àtẹ̀gùn ló yẹ kí àlejò jókòó tì. Láàárín ìgbà tí òkun bá kún àti ìgbà tó bá fà, omi ibẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ. Tí wọ́n bá kọ́ èbúté pẹrẹsẹ, ẹrù kò ní ṣeé kó nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe to òkúta ní ìpele-ìpele, kó lè jẹ́ pé ibi yòówù tí omi bá dé, ìpele kan á wà tó bá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mu. Tí ẹ bá dé nígbà tí òkun kún, ìpele díẹ̀ péré lẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé àtẹ̀gùn kékeré kan ni. Ẹ padà wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nígbà tí omi bá ti fà. Àtẹ̀gùn á ti gùn ju ti àárọ̀ lọ fíìfíì, àwọn òkúta ìsàlẹ̀ á dúdú, wọ́n á máa yọ̀, ewé òkun àti ìkarawun kéékèèké á lẹ̀ mọ́ wọn, ẹ ó sì rí ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri. Ìgbà tí omi fà báyìí náà ni àwọn àtijọ́ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lélẹ̀ lórí òkúta, tí wọ́n á fi iná ewé gbígbẹ jó ìdí rẹ̀ kí kòkòrò tó ń jẹ pákó lè kú kí omi tó tún dé.

Lókè èbúté, lórí òkúta tó dojú kọ òkun, ni tẹ́ńpìlì Fukuzenji wà. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ń parí lọ ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn àlejò kan mọ́ ọn. Láàárín 1607 sí 1811, ọba Kòríà rán ikọ̀ sí Jàpáànì ní ìgbà 12, ikọ̀ tó máa ń ní èèyàn bí irinwó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìjòyè, akọ̀wé, oníṣègùn, ayàwòrán, onílù. Tomo jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń sinmi. Ní 1711, Yi Bang-eon tó bá ikọ̀ ọdún náà wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ibi tí ojú rẹ̀ dára tó ibẹ̀ ní gbogbo ìlà oòrùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára pátákó nínú gbọ̀ngàn náà títí di òní. Ní 1748, aṣojú Kòríà mìíràn, Hong Gye-hui, ló sọ gbọ̀ngàn náà ní Taichoro, tí ọmọ rẹ̀ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀. Ní 2017, UNESCO fi àwọn ìwé àti àwòrán ìrìn-àjò àwọn ikọ̀ wọ̀nyí sínú àkọsílẹ̀ ìrántí ayé, Jàpáànì àti Kòríà ló sì jọ béèrè fún un. Àlejò máa ń bọ́ bàtà, á jókòó sórí ẹní, á wo erékùṣù Bentenjima àti Sensuijima láàárín òpó ilé. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣètò ìrìn-àjò yìí ni mo bẹ̀: ẹ má fún ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ jókòó.

Ọtí ìlú náà ni homeishu. Ìdílé Nakamura ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1659, egbòogi 16 ni wọ́n sì ń rẹ sínú ọtí ìrẹsì, kànáfùrù wà nínú wọn. Ó dùn, ó nípọn díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì máa rán ẹni tó bá mọ àgbo tí a fi ọtí rẹ létí ilé. Ilé tí ìdílé Nakamura ti ń ṣe é, tó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ota lẹ́yìn náà, ṣì dúró lẹ́bàá òpó àtùpà, pẹ̀lú àwọn àká rẹ̀ tí wọ́n fi amọ̀ funfun rẹ́ ògiri wọn, ìjọba sì kà á mọ́ ohun ìní pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ogún ọdún kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mu ọtí ní Jàpáànì, bẹ́ẹ̀ ni dírẹ́bà kò gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò rárá, òfin ibẹ̀ le lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ Jàpáànì ń bá wá sí Tomo ni ti Sakamoto Ryoma, sámúráì kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ òkun ṣòwò. Ní 1867, ọkọ̀ Iroha Maru tí ẹgbẹ́ rẹ̀ háyà, tọ́ọ̀nù 160, forí sọ ọkọ̀ Meiko Maru tó jẹ́ ti ìjọba Kishu, tọ́ọ̀nù 887, ní alẹ́. Iroha Maru rì. Kishu jẹ́ ìbátan shogun fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ Ryoma sì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi òfin òkun tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń lò dá ẹjọ́ náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn ní Tomo, wọ́n parí rẹ̀ ní Nagasaki, Kishu sì gbà láti san gbèsè ńlá, èyí tó wá já sí 70,000 ryo. Ryoma ní ìbọn àti wúrà wà nínú ọkọ̀ tó rì. Àwọn òmùwẹ̀ tó lọ wo ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun nígbà tiwa kò rí ìbọn kankan. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti pa Ryoma ní Kyoto. Àwọn ohun tí wọ́n kó jáde nínú omi wà ní àká àtijọ́ kan tó ti di ilé ìtàn Iroha Maru, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ̀gùn.

Ọkọ̀ tó ń fi èédú rìn kò dúró de omi fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí irú wọn pọ̀, tí rélùwéè sì gba Fukuyama kọjá ní 1891, Tomo pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí owó tí wọ́n máa fi wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣẹ́ kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà sun Fukuyama àti ààfin rẹ̀, ṣùgbọ́n Tomo yè é.

Ewu tó tún dojú kọ ìlú náà wá láti ilé. Ọ̀nà inú ìlú há débi pé ní ọ̀gangan kan, mọ́tò kan gbọ́dọ̀ dúró kí èkejì tó kọjá. Ní 1983, ìjọba gbé ètò kan jáde pé àwọn á da yẹ̀pẹ̀ sí apá kan èbúté, àwọn á sì gbé afárá lé e. Àwọn ará ìlú pín sí méjì, kò sì yẹ kí a bú àwọn tó fẹ́ afárá: mọ́tò tó ń gbé aláìsàn àti ọkọ̀ panápaná ni wọ́n ń rò. Àwọn tó kọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2007, ilé ẹjọ́ Hiroshima sì dá wọn láre ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 2009, pé ojú èbúté náà jẹ́ ohun ìní tí bíbà á jẹ́ kò ní àtúnṣe. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rárá ní Jàpáànì. Ní 2012, gómìnà kéde pé òun ti jáwọ́ nínú afárá, pé abẹ́ òkè ni ọ̀nà tuntun máa gbà. Láàárín gbogbo rògbòdìyàn yẹn, olùdarí fíìmù Hayao Miyazaki wá gbé ìlú náà fún bí oṣù méjì ní 2005, fíìmù Ponyo tó jáde ní 2008 sì ti ibẹ̀ wá.

Láti dé ibẹ̀, rélùwéè ayára-bí-àṣá Shinkansen ń dúró ní Fukuyama. Láti Hiroshima, kò ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Láti Osaka, ó tó wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì ń ti iwájú ibùdókọ̀ Fukuyama lọ sí Tomo láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná kò nílò ju èyí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ háyà mọ́tò àti dírẹ́bà, kó wo nọ́ńbà ọkọ̀: aláwọ̀ ewé ni ti ọkọ̀ tó gba àṣẹ láti gbé èrò, funfun ni ti ọkọ̀ ara ẹni, fífi irú èyí gbé èrò gbowó láìgbàṣẹ sì lòdì sófin. Ní ti amọ̀nà, títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ẹni tó yege ìdánwò ìjọba nìkan ló lè gba owó láti fi èdè òkèèrè mú àlejò káàkiri. Òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo èèyàn báyìí, nítorí náà ó dára kí a béèrè bóyá ẹni tí a fẹ́ gbà ní ìwé ẹ̀rí. Tí iṣẹ́ bá parí, owó tí a jọ sọ ni kí a san. Wọn kì í retí ẹ̀bùn lé e, ó tilẹ̀ lè kó ìtìjú bá wọn. Àlejò gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání níbi gbogbo.

Kí ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wo àkókò ìkún òkun, tí àjọ ojú ọjọ́ Jàpáànì máa ń gbé jáde ṣáájú. Ọjọ́ tí òkun bá kún láàárọ̀ tó sì fà lọ́sàn-án ló dára jù. Ẹ sọ fún dírẹ́bà kó já yín sí ẹ̀gbẹ́ èbúté, ẹ má jẹ́ kó kó mọ́tò wọ inú ọ̀nà tóóró. Ẹsẹ̀ ló ń rìn níbẹ̀. Tí àkókò bá ṣẹ́ kù, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe bí Iroha Maru ń gbé èèyàn lọ sí Sensuijima láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, inú ọgbà orílẹ̀-èdè Seto, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, ni erékùṣù náà sì wà. Ẹja tai ni kí ẹ béèrè fún nílé oúnjẹ. Oṣù karùn-ún ni àwọn apẹja máa ń fi bí àwọn baba wọn ṣe ń fi àwọ̀n yí tai ká han àlejò lójú omi. Nínú oṣù keje, wọ́n máa ń gbé ògùṣọ̀ ńláńlá gun àtẹ̀gùn ojúbọ Nunakuma lóru, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gba yàrá sùn, torí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kì í dúró de iná náà.